Káàdì rédíò tó ń kú léraléra lórí òpó: àyẹ̀wò R52H, R52Hn àti bọ́ọ̀dù RB433

Ẹ̀sùn kan wà tó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ láti orí òpó kan sí òmíràn nílẹ̀ Yorùbá: káàdì rédíò kú, a ra tuntun, òjò díẹ̀ rọ̀, òun náà tún kú. Orúkọ tó wà lára káàdì kì í fi bẹ́ẹ̀ jámọ́ nǹkan nínú ẹ̀sùn yìí, nítorí oríṣiríṣi ni mo ti gbọ́ ọ nípa rẹ̀. Méjì tí mo ti ń lò tipẹ́ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí, ìyẹn R52H àti R52Hn tí ilé-iṣẹ́ MikroTik ní orílẹ̀-èdè Latvia ṣe, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù RB433 tí a máa ń kì wọ́n bọ̀. Ìdájọ́ mi ni pé ọjà gidi ni wọ́n, àti pé káàdì tó bá kú lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà, kì í sábà jẹ́ òun ló jẹ̀bi. Ohun tó yí i ká ni kí a lọ yẹ̀ wò kí a tó ná owó ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

RB433 jẹ́ bọ́ọ̀dù lásán, tí ẹni tó rà á ni yóò wá àpótí fún un. Ó ní ojú ihò mẹ́ta fún káàdì mini-PCI, irú èyí tí R52H àti R52Hn jẹ́, àti ojú mẹ́ta fún wáyà Ethernet, àkọ́kọ́ nínú àwọn ojú Ethernet yìí sì lè gba iná láti inú wáyà kan náà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì. Ọpọlọ rẹ̀ ń sáré ní 300 MHz, nígbà tí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, RB433AH, ń sáré ní 680 MHz. R52H ń ṣiṣẹ́ lórí 2.4 GHz àti 5 GHz pẹ̀lú ìlànà Wi-Fi 802.11a, b àti g, agbára tó ń tú jáde sì lè tó 350 milliwatt. R52Hn ló wá lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ìlànà n, ó ń fi ọ̀nà méjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára rẹ̀ lè dé 25 dBm (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka agbára rédíò), orí chip AR9220 ti Atheros, ilé-iṣẹ́ tí Qualcomm rà ní ọdún 2011, ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Àwọn ọjà wọ̀nyí ti dàgbà, nítorí pé miniPCIe, ojú ihò tó yàtọ̀ sí mini-PCI, ni àwọn káàdì tó jáde lẹ́yìn wọn ń lò. Síbẹ̀, wọ́n ṣì pọ̀ lórí òpó, a sì ṣì lè rí tòkunbọ̀ wọn rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, torí náà ọ̀rọ̀ wọn kò tíì di ìtàn.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù láàárín káàdì méjèèjì fún ẹni tó ń gun òpó kì í ṣe ti eré sísá, ti ẹnu ìsopọ̀ ni. R52H ń lo U.FL, kọnẹ́tọ̀ bíńtín tó jẹ́ pé nǹkan bí ìgbà 30 péré ni àwọn tó ṣe é ka iye ìgbà tí a lè kì í bọ̀ kí a sì yọ ọ́ sí. R52Hn ń lo MMCX, èyí tí wọ́n sábà ń kà sí 500. Ẹni tó bá ti wà lókè òpó rí, tí atẹ́gùn ń fẹ́, tó ń fi ọwọ́ kan di òpó mú, tó sì ń fi ìka ọwọ́ kejì fa U.FL yọ láti ara wáyà dípò kó fà á láti ara irin rẹ̀, á mọ̀ pé ọgbọ̀n ìgbà yẹn kì í pẹ́ tán. Bí ojú kọnẹ́tọ̀ náà bá ti là díẹ̀, káàdì á ṣì máa fi ara hàn nínú ètò, iná rẹ̀ á ṣì máa tàn, ṣùgbọ́n àmì tó ń wọlé á máa lọ sókè sódò bí òpó bá ṣe ń mì. Wáyà kékeré tó lọ láti ara káàdì sí ara àpótí, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní pigtail, ni mo máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀ nígbà tí wọ́n bá ní R52H ti kú, mo sì máa ń fi okùn ọ̀rá so ó mọ́ ara bọ́ọ̀dù kí ó má baà máa fa káàdì.

Kí a tó sọ pé kí wọ́n ra òmíràn, ó yẹ kí a mọ irú ikú tí káàdì kú. Èyí tí mo máa ń bá pàdé jù ni káàdì tí kò kú rárá, adití ló dà. Ó ń sọ̀rọ̀, àwọn tó wà lókèèrè ń gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ wọn mọ́. Inú RouterOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù náà, ni a ti máa ń mọ̀ ọ́n láì gun òpó. Nínú tábìlì registration, níbi tó ti ń to àwọn tó so mọ́ wa, signal-strength ni bí àwa ṣe ń gbọ́ òdìkejì, tx-signal-strength sì ni bí òdìkejì ṣe ń gbọ́ wa. Bí méjèèjì bá jọ lọ sílẹ̀, ohun tí wọ́n jọ ń lò ló bàjẹ́: áńténà ti yí kúrò níbi tí a kọjú rẹ̀ sí, omi ti wọ inú wáyà, tàbí igi ti hù dí ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí òdìkejì bá ṣì ń gbọ́ wa bíi ti àtẹ̀yìnwá, tí àwa sì ti fi 15 tàbí 20 dB (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka bí àmì ṣe pọ̀ sí i tàbí dín kù) jábọ́, a jẹ́ pé etí tiwa tàbí ẹnu tiwọn ló ní àléébù. Lórí òpó tí ọ̀pọ̀ oníbàárà so mọ́, kò ṣòro láti mọ èwo ni, nítorí pé bí gbogbo wọn bá jọ rọlẹ̀ lójú wa lọ́jọ́ kan náà, etí tiwa ni. Lórí ìsopọ̀ ẹni méjì, àfi kí a pààrọ̀ káàdì ẹ̀gbẹ́ kan kí a tó mọ̀.

R52Hn tún fún wa ní ọ̀nà mìíràn tí R52H kò ní. Nítorí pé ọ̀nà méjì ló ní, ó máa ń fi agbára àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀, ch0 àti ch1. Bí ọ̀kan bá sún mọ́ ohun tó yẹ kó jẹ́ tí èkejì sì ti jìn sísàlẹ̀, ẹ pààrọ̀ pigtail méjèèjì fún ara wọn lára káàdì. Bí àìlera náà bá tẹ̀lé pigtail lọ sí ojú kejì, ìta ni kí ẹ lọ wá a sí, nínú wáyà, nínú kọnẹ́tọ̀ tàbí nínú áńténà. Bí kò bá kúrò lójú tó wà tẹ́lẹ̀, káàdì ni. Àǹfààní yìí nìkan ti tó fún mi láti yan R52Hn ṣáájú R52H, ká tiẹ̀ má sọ ti eré tó fi jù ú lọ.

Káàdì tí kò bá fi ara hàn rárá yàtọ̀ sí adití. Ẹ tẹ /system resource pci print kí ẹ wo bóyá bọ́ọ̀dù rí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pa iná, ẹ yọ ọ́, ẹ fi spírítì nu ẹsẹ̀ wúrà rẹ̀, ẹ tún un kì bọ ojú ihò mìíràn, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀dù mìíràn. Ní àdúgbò òkun bíi Lẹ́kkí àti Àjàh, níbi tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti ń jẹ irin, mo ti rí káàdì tí wọ́n ti kó sínú páálí pé ó kú, tó jẹ́ pé ìpẹtà tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí bọ́ọ̀dù rí i.

Kí wá ni ń di káàdì létí? Ààrá ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ, ṣùgbọ́n àwọn káàdì kan máa ń di adití láàárín oṣù December sí February, nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọyẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń gbé eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀ máa ń fi iná pamọ́ sára áńténà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń fẹ́ kọjá lára rẹ̀, iná yìí á sì máa ga sí i títí yóò fi wá ọ̀nà jáde. Bí kò bá rí ọ̀nà lọ sínú ilẹ̀, inú káàdì ló máa gbà kọjá, àmúgbòòrò kékeré tó ń gba àmì wọlé ló sì máa kọ́kọ́ bá pàdé, ohun tó jẹ́ pé ìwọ̀nba volt díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ló sábà máa ń kú. Ó máa ń fi 3 dB lọ lónìí, 5 dB lóṣù tó ń bọ̀, títí oníbàárà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

Áńténà kan wà tí wọ́n kọ́ débi pé irin inú rẹ̀ so mọ́ ara rẹ̀, tí iná ọyẹ́ yóò fi máa ṣàn lọ sílẹ̀ láì dúró. Òmíràn, pàápàá àwọn omni kan (áńténà tó ń tú àmì sí gbogbo ìhà) tó wà nínú ọ̀pá funfun, kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Mítà lásán la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀: ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan kan irin àárín kọnẹ́tọ̀ áńténà, kí ẹ fi èkejì kan ara kọnẹ́tọ̀ náà. Bí mítà bá dún, ọ̀nà wà. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó kó áńténà tó dára dànù nítorí pé mítà dún, tó ní wáyà inú rẹ̀ ti kan ara wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn. Níbi tí mítà kò bá ti dún, ẹ ra adènà ààrá tí ẹ ó fi sáàárín wáyà àti àpótí, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ irú èyí tí ẹ ń rà. Èyí tó wọ́pọ̀ ní gáàsì nínú, ó sì máa ń tó nǹkan bí 90V kí gáàsì náà tó jí. Ṣíṣọ́ bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ààrá ńlá ló mọ̀ ọ́n ṣe, kò lè ṣe nǹkan kan fún àmúgbòòrò tí volt díẹ̀ ń pa. Irú kejì, tí wọ́n ń pè ní quarter-wave, ní irin kan nínú tó so àárín mọ́ ara nígbà gbogbo, tí ìgbì 5 GHz nìkan sì lè gbà kọjá láìfarapa. Òun ni mo máa ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n jù. Èyíkéyìí tó wù kí ẹ rà, bí ẹ kò bá fa wáyà earth láti ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, kọnẹ́tọ̀ lásán lẹ fi owó ńlá rà.

Ti ààrá fúnra rẹ̀ kúrò ní kékeré nígbà tí òjò bá ń wọlé láti March sí May àti nígbà tó bá ń kógbá sílé ní September àti October. Ààrá tó bá sán lu òpó tààrà, kò sí káàdì tó lè yè é, a kò sì gbọ́dọ̀ fi èyí dá ọjà kankan lẹ́bi. Èyí tó ń pani lówó jù ni ààrá tó sán sí ìtòsí, tó fi agbára rẹ̀ ránṣẹ́ sínú wáyà Ethernet gígùn tó lọ láti òkè òpó sínú ilé. Bí ẹ bá rí i pé ojú Ethernet bọ́ọ̀dù àti káàdì jọ kú pọ̀, isàlẹ̀ ló gbà wọlé, kì í ṣe láti ara áńténà, káàdì tuntun kò sì lè tún un ṣe. Níhìn-ín ni àṣìṣe kan ti ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́: wọ́n á ri irin earth kan fún òpó, ilé á sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, láìsí ohun tó so méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ààrá bá sán, ilẹ̀ ibi kan á ga ju ti ibòmíràn lọ ní agbára iná, ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì wà láàárín wọn ni wáyà Ethernet yín, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù àti káàdì ní ìkángun rẹ̀. Wáyà bàbà tó nípọn ni kí ẹ fi so earth méjèèjì pọ̀.

Ní Abẹ́òkúta, ní Ìdànrè, àti lórí àwọn òkè olókùúta mìíràn tí a fẹ́ràn láti ri òpó sí nítorí gíga wọn, àpáta kì í jẹ́ kí irin earth wọlẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ tó wà lórí àpáta náà kì í sì í gba iná bó ṣe yẹ. Àwọn oníná wa máa ń gbẹ́ kòtò, wọ́n á da èédú àti iyọ̀ yí irin náà ká, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ òjò máa ń fọ iyọ̀ lọ, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin, nítorí náà earth tí wọ́n wọ̀n tó sì dára lọ́dún tí wọ́n ri òpó lè ti di aláìwúlò báyìí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ gbẹ, ni kí a máa wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìgbà òjò tí gbogbo earth máa ń dára lójú mítà.

Omi ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Bí omi bá wọ kọnẹ́tọ̀ áńténà, agbára tí káàdì tú jáde kò ní rí ọ̀nà lọ, ó máa ń padà wá bá a, àmúgbòòrò tó ń gbé àmì jáde á sì máa gbóná jù. Téèpù dúdú ti àwọn oníná kò tó láti dí kọnẹ́tọ̀, oòrùn á ti jẹ gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ kí ọdún tó yí po. Téèpù rọ́bà tó máa ń fà, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ni kí ẹ fi wé e, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí àwọn kanlékanlé ṣe ń kan páànù, kí ti òkè lè máa bo ti ìsàlẹ̀, kí ẹ tó wá fi téèpù dúdú bò ó lórí. Sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn kíkan nígbà tó bá ń gbẹ kò dára nítòsí kọnẹ́tọ̀ rárá, nítorí pé ásíìdì tó ń tú jáde máa ń jẹ bàbà. Ní ti àpótí, gbogbo ihò wáyà gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀, wáyà sì gbọ́dọ̀ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé kí omi lè kán dànù. Àpótí tí wọ́n dí pa pátápátá náà kò dára, torí pé bó ti gbóná lọ́sàn-án tó sì tutù lóru, yóò máa fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé níbi tí ojú kò rí, omi á sì máa sẹ̀ nínú rẹ̀. Ihò kékeré kan nísàlẹ̀ tó fún un, kí a fi àwọ̀n bò ó nítorí èèrà àti ọmọńlé. Ẹyin ọmọńlé lórí bọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tuntun sí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Iná ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí òun ni àwọn èèyàn kì í fura sí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé bọ́ọ̀dù RB433 pẹ̀lú àwọn káàdì rẹ̀ ń jẹ 12 watt, ó sì jìnnà ní mítà 50 sí ibi tí iná ti wá. Nínú wáyà Cat5e tó jẹ́ bàbà gidi, tí a fi okùn 4 àti 5 gbé iná lọ tí 7 àti 8 sì ń gbé e bọ̀, ìdènà inú wáyà náà á tó 4.7 ohm. Bí a bá fi 24V ránṣẹ́, nǹkan bíi 21V ló máa dé òkè, bọ́ọ̀dù á sì máa gbádùn. Bí ó bá jẹ́ 12V la fi ránṣẹ́, 12 watt yẹn kò lè dé òkè láéláé, bó ti wù kí adapter náà lágbára tó. Ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé bọ́ọ̀dù á jí, àwọn káàdì á fi ara hàn, gbogbo nǹkan á máa lọ dáadáa lóru nígbà tí kò sí ẹni tó ń lò ó, bí àwọn oníbàárà bá sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ tí káàdì nílò agbára sí i láti sọ̀rọ̀, bọ́ọ̀dù á pa, á tún jí, á tún pa. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní káàdì ti bàjẹ́.

Wáyà tó pọ̀ lọ́jà sì kì í ṣe bàbà. Àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí owó rẹ̀ kéré, ìdènà rẹ̀ sì tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti bàbà, ìyẹn ni pé lórí mítà 50 kan náà, ju 4V lọ ló máa sọnù nínú 24V. Bíléèdì ni kí ẹ fi họ ara okùn kan wò: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ tún máa ń ṣẹ́ kíákíá níbi tí a ti kì í bọ kọnẹ́tọ̀.

Ní ti òpó tó ń lo sólà, ìdàkejì ìṣòro yìí ló wà níbẹ̀. RB433 gba 10V sí 28V. Bátìrì 24V tí a so mọ́ sólà máa ń gòkè tó 28.8V nígbà tí ó bá fẹ́ kún, ní ọ̀sán gangan tí oòrùn mú. Bọ́ọ̀dù á pa ní ọ̀sán, á padà wá nírọ̀lẹ́, gbogbo èèyàn á sì ní ooru ló pa á. Wọ́n á gbé àpótí sínú òjìji, wọ́n á lu ihò sí i lára, wọ́n á pààrọ̀ káàdì, kò ní yí padà, nítorí pé kì í ṣe ooru. Ẹ fi mítà wọn bátìrì ní agogo kan ọ̀sán, ẹ ó rí i. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gba iná bátìrì tó sì ń tú 24V jáde láìyẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀, ẹ fi sáàárín bátìrì àti wáyà tó ń gòkè.

Ooru náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Mo máa ń pa ojú ihò kan tì láàárín káàdì méjì bí iṣẹ́ kò bá nílò mẹ́ta, mo sì máa ń kun àpótí ní funfun. Ohun tó ń mú káàdì gbóná ju oòrùn lọ ni ọwọ́ àwa tó ń tò ó. Nínú RouterOS, ààyè kan wà tí a ti lè fi agbára ìsọ̀rọ̀ dúró lójú kan fún gbogbo eré, all-rates-fixed, ìwé àlàyé MikroTik fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé ó lè ba káàdì jẹ́ bí a bá fi sí ju agbára tí wọ́n kọ fún eré náà lọ. Káàdì tó lè sọ 25 dBm nígbà tó bá ń rọra lọ kò lè sọ ọ́ nígbà tó bá ń sáré, bí a bá sì fi ipá mú un, ariwo tó dàrú ló máa tú jáde. Èyí tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé agbára náà kò wúlò. Lórí 10 kìlómítà ní 5.8 GHz, ohun tí òfuurufú máa gbà lọ́wọ́ àmì kò ju nǹkan bíi 128 dB. Bí áńténà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jẹ́ 25 dBi (bí áńténà ṣe ń kó àmì jọ sójú kan tó), 20 dBm péré ti tó láti gbé àmì tó tó -58 dBm dé òdìkejì, kí a tó yọ ìwọ̀nba tí wáyà máa jẹ. Ta ló fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Àwọn tó ń dán káàdì wò lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí a bá fi wáyà so R52Hn méjì pọ̀ tààrà láìsí ohun tó dín agbára kù láàárín wọn, tí a sì tan wọ́n ní kíkún agbára, a lè sọ etí méjèèjì di òkú kí wọ́n tó rí òpó sójú. Kódà áńténà méjì tó kọjú síra lórí tábìlì kan náà ní agbára kíkún kò dára. Ẹ mú un wálẹ̀ dé 0 dBm tàbí ibi tó kéré jù tí káàdì náà gbà.

Ọ̀rọ̀ adití yìí ló mú kí ríra tòkunbọ̀ léwu. Oníṣọ́ọ̀bù máa ń kì káàdì bọ bọ́ọ̀dù, á fi hàn yín pé ó jáde nínú ètò, á ní kí ẹ wò ó pé ó ń rí àwọn Wi-Fi àdúgbò. Káàdì tó ti fi 20 dB gọ̀ náà á rí wọn, nítorí wọ́n wà nítòsí. Ẹ mú káàdì kan tí ẹ mọ̀ pé ó dára dání, pẹ̀lú pigtail àti áńténà tiyín, kí ẹ fi àwọn méjèèjì gbọ́ ilé kan náà tó jìnnà díẹ̀, láti ojú kan náà. Bí ìyàtọ̀ bá ju 4 tàbí 5 dB lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ wo ojú kọnẹ́tọ̀ pẹ̀lú, nítorí U.FL tí àárín rẹ̀ ti tẹ̀ kò ní àtúnṣe tó ju kí a jó o kúrò kí a sì jó òmíràn mọ́ ọn.

Ẹni tó fẹ́ so ilé kan mọ́ ilé kan lónìí, tí kò tíì ní nǹkan kan lókè, kò ní ìdí láti ra bọ́ọ̀dù àti káàdì lọ́tọ̀. SXT tàbí LHG láti ilé-iṣẹ́ MikroTik kan náà, níbi tí rédíò àti áńténà ti wà lára kan náà láìsí pigtail àti kọnẹ́tọ̀ tí omi lè wọ̀, máa dín ìdajì ohun tí mo kọ sókè yìí kù fún un, bí ó bá sì kú, á gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ á sì gbé òmíràn kọ́. Àwọn tí RB433 ṣì yẹ ni àwọn tí òpó wọn ń kọjú sí ìhà mẹ́ta tí sólà wọn kò sì tó láti bọ́ ẹ̀rọ mẹ́ta, àti àwọn tí wọ́n ti ní in lókè tó ń ṣiṣẹ́. Fún wọn, R52Hn ni mo máa ní kí wọ́n rà, bí wọ́n bá lè rí i ní ipò tó dára. R52H ṣì wúlò níbi tí áńténà onípele kan ṣoṣo (tó ní ojú wáyà kan péré) wà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní máa ṣí àpótí rẹ̀ lóòrèkóòrè. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ ra pigtail U.FL tuntun mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà.